Pòtétò Inú Ìbọ̀sẹ̀

Ilé wa lẹ́bàá odò, Maine,
Ọjọ́ Àìkú, oṣù Ṣẹ́rẹ́.

Claudette ọmọ mi,

Báwo ni ara? Báwo ni Boston, báwo ni iṣẹ́, báwo ni ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ ń gbé, ẹni tí kì í jẹ ẹran? Mo kí gbogbo yín. Àdúrà mi ni pé kí òtútù ọdún yìí kọjá lára rẹ bí ọkọ̀ ojú irin ṣe ń kọjá níbi tí kò ti ní èrò tó fẹ́ gbé, kó má dúró, kó má tilẹ̀ fọn fèrè. Kí Ìyá Màríà máa bá ọ dí ojú fèrèsé, kí iná rẹ má kú, kí ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ má rí ẹ̀bi rẹ. Àmín. Tí o bá bi mí nípa tèmi, mo wà, mo ń jẹun, mo ń sùn, eyín tó kù lẹ́nu mi kò tíì dín sí i, orúnkún mi ọ̀tún sì ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí ju rédíò lọ.

Mo mọ̀ pé yóò yà ọ́ lẹ́nu pé mo jókòó kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù tí o rà fún mi wà lórí tábìlì níwájú mi. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò ṣe é sọ lórí fóònù. Lórí fóònù o lè já lu ọ̀rọ̀ mi, ṣùgbọ́n lẹ́tà, o kò lè já lù ú, àfi kí o jù ú sílẹ̀, mo sì mọ̀ pé o kì í fi nǹkan sílẹ̀ láìkà á tán, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ lo ti jogún ìyẹn. Nítorí náà, jọ̀ọ́, kà á dópin kí o tó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Mo gbọ́ ohun tí o sọ lánàá, pé Sátidé tó ń bọ̀ lò ń bọ̀ àti pé kí n di ẹrù díẹ̀. Àpótí ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì. N kò tíì fi nǹkan kan sínú rẹ̀.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ilé. Yìnyín ti dé ojú fèrèsé yàrá ìdáná. Fernand aládùúgbò wa, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ra ẹ̀rọ tí ń tú yìnyín, ó sì ń tú yìnyín ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà tèmi, èmi náà a fi ṣọ́bìrì kó o padà fún un, òun náà a tún tú u wá, báyìí làwa arúgbó méjì ṣe ń ṣe eré ìdárayá tí dókítà sọ. Ológbò ṣì wà. Kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, n ó sọ ìdí rẹ̀ tó bá yá.

O tún ní kí n kọ bí àwa ará ìgbà àtijọ́ ṣe ń la ìgbà ọ̀gìnnìtìn kọjá láìnáwó púpọ̀, pé àwọn ará ọ́fíìsì rẹ ń ráhùn owó iná, wọ́n sì fẹ́ gbọ́ ọgbọ́n lẹ́nu àgbà. Inú mi dùn púpọ̀. Kò sẹ́ni tó tíì pè mí ní ọlọ́gbọ́n látìgbà tí mo fẹ́ ìyá rẹ. N ó kọ́kọ́ kọ ìyẹn, kí inú rẹ lè dùn díẹ̀ kí n tó bà á jẹ́.

Sọ fún wọn pé ilé náà ń wọṣọ. Kí yìnyín àkọ́kọ́ tó bọ́, a máa ń gé ẹ̀ka igi onírun, èyí tí ewé rẹ̀ rí bí abẹ́rẹ́, a ó tò ó yí ìdí ilé ká, yìnyín yóò wá bọ́ lé e lórí, ilé á wá jókòó gẹlẹtẹ bí ìyá àgbà tó ró ìró méjì. Lọ́dún yìí ẹ̀ka kò tó, nítorí orúnkún kò jẹ́ kí n dé inú igbó, mo bá fi mátírẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kún un, àti àga ìrọ̀gbọ̀kú pupa nì, àti ilẹ̀kùn ilé adìẹ. Ẹni tó ń mú lẹ́tà wá dúró lójú ọ̀nà, ó bi mí pé ṣé mò ń kó kúrò ni. Mo ní rárá, mo ń wọṣọ fún ilé ni. Láti ọjọ́ náà, inú àpótí lẹ́bàá títì ló ń fi lẹ́tà sí, kì í wọlé wá mu kọfí mọ́.

Sọ fún wọn kí wọ́n ti gbogbo yàrá tí wọn kò lò. Èmi, yàrá ìdáná ni mo ń gbé, nídìí ààrò irin tó ń jẹ igi, mo gbé bẹ́ẹ̀dì síbẹ̀, mo fi ìbọ̀sẹ̀ tí mo rọ yanrìn kún dí abẹ́ ilẹ̀kùn, mo sì tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lé ìdérí ihò tí a ń gbà sọ̀kalẹ̀ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀, kí afẹ́fẹ́ má bàa ráyè gòkè. Mo ti kọ́kọ́ gbé àpò pòtétò kan gòkè, kí n má bàa máa ṣí i kiri. Rántí kápẹ́ẹ̀tì yẹn, mo ṣì ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Omi ìwẹ̀, kí wọ́n má ṣe dà á nù. Ooru inú omi yẹn, o ti sanwó rẹ̀, kí ló dé tí wàá fi sin ín sínú kòtò? Fi omi náà sílẹ̀ nínú ọpọ́n ìwẹ̀ títí tí yóò fi tutù, ilé ni yóò jẹ ooru rẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ológbò ti wọlé. Ó rò pé ilẹ̀ lásán ni, ó fò sí i láti orí àga. Èmi náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí mo gbàgbé pé omi ọ̀sẹ̀ tó kọjá wà níbẹ̀, mo bọ́ sínú rẹ̀ ní Sátidé pẹ̀lú ọkàn kan, igbe tí mo ké ni Fernand gbọ́ lódìkejì títì.

Aṣọ: kóòtù lábẹ́, ẹ̀wù àwọ̀sùn ìyá rẹ lókè, èyí tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹnu ọmọ tuntun. Ó gbòòrò, irun rẹ̀ nípọn, ó sì ń ta òórùn ọṣẹ rẹ̀ títí di òní. Nínú rẹ̀ ni Fadá bá mi lọ́jọ́ tó wá bùkún ilé, pẹ̀lú fìlà onírun tó bo etí mi méjèèjì, ó ní àlàáfíà fún ilé yìí, ó sì gé àdúrà yẹn kúrú ju ti àwọn ọdún yòókù lọ.

Fọ́ọ̀mù ìrànwọ́ epo tí o ní kí n kọ, mo kọ ọ́. Wọ́n béèrè pé ènìyàn mélòó ló ń gbé inú ilé, mo kọ ọ̀kan àti ààbọ̀, nítorí ológbò ń jẹun bí ènìyàn, n kò sì fẹ́ parọ́ fún ìjọba. Wọ́n ní kí ni orísun ooru ilé, mo kọ Ọlọ́run, igi, epo, àti ẹ̀wù Edwina ìyá rẹ. Wọ́n dá a padà, wọ́n ní ọ̀kan péré ni kí n mú. Mo ronú títí, mo fa ìlà lé igi àti epo. Ó ṣòro fún mi láti yan láàárín méjì tó kù, fọ́ọ̀mù náà ṣì wà lórí fíríìjì.

Ó dára. Ọ̀rọ̀ wá kan ẹ̀rọ roboto yẹn báyìí. Jókòó.

Ní Ọjọ́ Ìdúpẹ́ oṣù Bélú tó kọjá, nígbà tí o wá, o bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì nínú kóòtù àti bàtà, o yíjú sí ògiri kí n má bàa rí i pé ò ń sunkún, ṣùgbọ́n mo rí i. Ọjọ́ kejì lo lọ ra ẹ̀rọ roboto tó rí bí ìdérí ìkòkò kékeré, o yọ ti àtijọ́ kúrò lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, o fi èyí síbẹ̀. O ní fóònù rẹ ní Boston yóò máa fi hàn ọ́ bí ilé mi ṣe gbóná tó. O ní o ti fi sí márùndínláàádọ́rin lórí ìwọ̀n Fahrenheit, kí n má fọwọ́ kàn án. O ní ọjọ́ tí òǹkà yẹn bá sọ̀kalẹ̀ kọjá ọgọ́ta, ìwọ àti ọkọ̀ rẹ lẹ jọ ń bọ̀, yàrá kékeré tó wà lọ́dọ̀ rẹ ni n ó ti lo ìyókù òtútù, bóyá ìyókù ayé mi náà. O tún sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ sí i nípa bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́, o ṣàlàyé dáadáa, o kò jẹ̀bi rárá, ṣùgbọ́n nígbà tí o dárúkọ yàrá yẹn ni etí mi méjèèjì ti di. Mo ti rí yàrá náà rí, Claudette. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri ilé ẹlòmíràn. Ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni mo ti ń jí wo odò, kí ni n ó máa wò lára ògiri, bíríkì?

Nítorí náà ohun tó kù lórí mi ni pé ẹ̀rọ yẹn jẹ́ amí. Ó ń wo ilé, ó ń ròyìn fún ọ, ó tán. Iná epo tó wà ní yàrá abẹ́ ilẹ̀, èyí tó ń mú gbogbo ilé gbóná, mo rò pé òun mọ iṣẹ́ tirẹ̀ láyè ara rẹ̀, bí màlúù ṣe mọ ìgbà tí wọ́n ń bọ̀ wá fún wàrà.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù yìí, òtútù kan dé láti òdìkejì odò. N kò rí irú rẹ̀ láti ọdún tí wọ́n bí ọ. Ìṣó ń dún lára ògiri bí ìbọn. Iná epo ń jó tọ̀sán tòru, síbẹ̀ òǹkà ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń wálẹ̀, mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, mẹ́tàlélọ́gọ́ta, mọ́kànlélọ́gọ́ta. Mo dúró níwájú rẹ̀ nínú ẹ̀wù ìyá rẹ bí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń dúró de èsì ìdánwò. Ọ̀kan péré ló kù kó kan ọgọ́ta. Mo ti ń rí fèrèsé oníbíríkì yẹn lójú mi.

Ìgbà náà ni mo rántí ìyá rẹ. O rántí? Nígbà tí o wà ní ilé ìwé kékeré, òun a máa yan pòtétò méjì láàárọ̀, a fi ọ̀kan ọ̀kan sí àpò kóòtù rẹ lọ́tùn-ún lósì, ọwọ́ rẹ á gbóná títí dé ilé ìwé, tó bá sì di ọ̀sán wàá jẹ ẹ́. Kò sẹ́ni tó lọ́wọ́ tútù nínú ilé wa. Mo ní bí pòtétò bá lè mú ọwọ́ ọmọ gbóná, kí ló dé tí kò fi ní í mú ojú amí gbóná? Mo yan ọ̀kan nínú ààrò, mo fi sínú ìbọ̀sẹ̀ tí ìyá rẹ hun, mo so ó mọ́ ìṣó lókè ẹ̀rọ náà. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òǹkà ti gun àádọ́rin. Mo jó. Díẹ̀ ni, orúnkún kò gbà kí n jó púpọ̀.

O pè lọ́jọ́ náà, o rántí. O ní Papa, mọ́kànlélọ́gọ́rin kẹ̀, ṣé ara yín yá, ṣé kì í ṣe pé nǹkan ń jó? Mo ní búrẹ́dì ni mò ń yan. Pòtétò yẹn ló tóbi jù. Látìgbà náà ni mo ti ń ṣa wọ́n bí ẹni ń ṣa irúgbìn, kékeré fún ọjọ́ lásán, alábọ́ọ́dé fún ọjọ́ afẹ́fẹ́, bíríkì gbígbóná sì ni tí mo bá fẹ́ sùn. Bẹ́ẹ̀ ni, bíríkì. Èyí tí mò ń sá fún ní Boston, mo so ó kọ́ ara ògiri mi.

Ọjọ́ kẹta o tún pè. O ní lórí fóònù rẹ, ooru ilé mi ń gòkè, ó ń sọ̀, ó ń gòkè, ó ń sọ̀, ní aago mẹ́fà, ní mẹ́wàá, ní méjì, bí ẹni ń gun àkàbà tó ń gbàgbé ohun tó fẹ́ mú lókè. O ní bóyá ẹ̀rọ náà ló bàjẹ́. Mo ní bóyá. Mo wá kọ́gbọ́n, mo ń lo pòtétò méjì, ọ̀kan ti gbọ́dọ̀ dé ẹnu iṣẹ́ kí èkejì tó kúrò, bí àwọn ọlọ́pàá ṣe ń pààrọ̀ ẹ̀ṣọ́. O kò pè mọ́. Mo yin ara mi.

Ohun tó wá múnú mi dùn jù ni epo. Mo lọ wo àmì tó wà lára táńkì lẹ́yìn ilé, ọjọ́ kẹta epo kò dín, ọjọ́ karùn-ún kò dín, ọjọ́ kẹsàn-án kò dín ní ìka kan. Mo ní iṣẹ́ ìyanu nìyí. Mo ti ń gbèrò láti kọ èyí fún àwọn ará ọ́fíìsì rẹ gẹ́gẹ́ bí ọgbọ́n tó ga jù lọ. Omi ẹ̀rọ yàrá ìdáná pàápàá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tìkọ̀ láti Ọjọ́rú, ó ń já tín-ín-rín bí okùn ìránṣọ, mo yìn ín pé òun náà ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́wó ná. Ìyá rẹ a máa jẹ́ kí omi máa kán tó-tó-tó tí òtútù bá le, kí ó má bàa dì nínú páìpù. Mo máa ń bá a jà nítorí ẹ̀, mo ní ìfiṣòfò ni.

Àná wá ni Sátidé. Fernand wá jẹ ẹ̀wà, bó ṣe máa ń wá. Mo se ẹ̀wà pẹ̀lú ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀, mo dín àkàrà pẹlẹbẹ oníyẹ̀fun dúdú tó fẹ́ràn, ó jẹ mẹ́jọ, ó ní kò dùn. Mo ń fọ́nnu fún un nípa epo. Ó ń wò mí, ó ń jẹ. Ó dìde pé òun fẹ́ lọ tọ̀, ó ṣílẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbọ́ tó dúró. Ó wá ní, "Rosaire, kí ni ìbọ̀sẹ̀ Edwina ń wá lára ògiri, tó tún ń rú èéfín?"

Mo ṣàlàyé fún un. Claudette, ọkùnrin yẹn jókòó sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó rẹ́rìn-ín títí eyín àtọwọ́dá rẹ̀ fi bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun ti mọ̀ mí láti ọdún márùndínláàádọ́rin, òun rò pé òun ti rí gbogbo ìwà agọ̀ tó wà nínú mi, òun kò mọ̀ pé mo ṣì fi díẹ̀ pamọ́ fún ọjọ́ ogbó. Mo ní kó máa rẹ́rìn-ín, ṣé epo tirẹ̀ kò dín? Níbẹ̀ ni ẹ̀rín ti dá lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Epo tí kò dín fún ọjọ́ mẹ́sàn-án láàárín oṣù Ṣẹ́rẹ́, o kò wá bi ara rẹ pé kí ni iná ń jẹ?"

N kò bi ara mi. Ó dìde, ó yọ ìbọ̀sẹ̀ náà. Ó ní, "Ẹ̀rọ yìí kò kàn ń ròyìn fún ọmọ rẹ. Òun ló ń sọ fún iná pé dìde, òun ló ń sọ pé jókòó. O sọ fún un pé ilé gbóná, ó sọ fún iná, iná lọ sùn. Rosaire, iná ara rẹ lo ti ń fi pòtétò parọ́ fún."

A ká kápẹ́ẹ̀tì. A ṣí ìdérí. Òtútù tó jáde láti ìsàlẹ̀ dà bí èébú. Fernand tan tọ́ọ̀ṣì, ó sọ̀kalẹ̀ ṣáájú, mo tẹ̀ lé e. Páìpù tó lọ síbi ìfọṣọ ti là láti òkè dé ìdí, omi tó jáde ti dì mọ́ ara ògiri bí aṣọ ìyàwó tuntun, ó ń dán, ó tilẹ̀ lẹ́wà. Pòtétò inú àgbá mẹ́ta, àti ti jíjẹ àti ti gbígbìn, gbogbo rẹ̀ ti dì, mo fi ọ̀kan kan ògiri ó dún bí òkúta. Èmi tí mo ti ń gbin pòtétò láti kékeré, tí bàbá mi kọ́ mi pé kí n kọ́kọ́ ronú nípa pòtétò kí n tó ronú nípa ara mi, mo fi pòtétò kan pa àgbá mẹ́ta.

Ìgò àpù tí ìyá rẹ sè kẹ́yìn, mọ́kànlá ló kù lórí pẹpẹ. Méje ti fọ́. Mo mọ̀ pé o ti ń bi mí léèrè ìdí tí n kò fi jẹ wọ́n láti ọdún méjì sẹ́yìn. Mò ń ṣọ́ wọn ná ni. Mo jókòó lórí àtẹ̀gùn, Fernand kò sì sọ nǹkan kan. Àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nìyẹn láyé rẹ̀. Ó kàn ń ṣa àfọ́kù ìgò sínú fìlà rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àárín ìyẹn ni fóònù dún. Òǹkà ti já láti àádọ́rin sí mọ́kànlélógójì lójú rẹ ní Boston, ta ni kò ní í pè? O ní Papa, kí ló ṣẹlẹ̀. Mo ní ilẹ̀kùn ni mo ṣí sílẹ̀ kí Fernand lè kó igi wọlé. Irọ́ ni. O ṣe bí ìyá rẹ ṣe máa ń ṣe tó bá ti mọ̀, o kò béèrè mọ́, o kàn ní, "Mò ń bọ̀ ní Sátidé, Papa. Ẹ di ẹrù díẹ̀." Ìdí lẹ́tà yìí nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi parọ́ fún ọ pẹ̀lú pòtétò, èyí tí mo fi ẹnu ara mi pa lánàá ló wá dùn mí jù. Òun nìkan ni n kò lè jẹ́ kó sùn mọ́jú méjì.

Fernand ti omi pa, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tan iná. Ó ń jó báyìí, mò ń gbọ́ ọ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi bí màlúù tó ń jẹ koríko. Lẹ́yìn tí a jókòó tán, ó ní òun fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan, kí n má rẹ́rìn-ín. Ó ní ilé òun tutù, ilé mi tutù, òun ń dáná, èmi ń dáná, àwọn arúgbó méjì ń sun igi ilọ́po méjì kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn ara wọn. Ó ní kí òun kó wá sí yàrá rẹ lókè láti ọ̀la títí yìnyín yóò fi yọ́, òun á kó igi tirẹ̀ wá, òun á máa wo ẹ̀rọ roboto, kí n má ṣe fọwọ́ kan ohunkóhun tó yí roboto nínú ilé náà mọ́. Ó ń hanrun bí ẹ̀rọ ìgégi, ó sì ń ṣe màgòmágó nínú káàdì. Mo ní kó máa bọ̀. Ènìyàn laṣọ, àwọn àgbà kò parọ́, mo kàn lọ wọ gbogbo aṣọ mìíràn tán kí n tó rántí èyí.

Nítorí náà, máa bọ̀ ní Sátidé. Mú ọkọ̀ rẹ. N kò ní í bá ọ jiyàn. Mo da àdéhùn wa, o sì ní ẹ̀tọ́ láti mú mi. Ohun tí mo bẹ̀ ọ́ fún ni pé kí o kọ́kọ́ jókòó ní yàrá ìdáná, kí o jẹ ẹ̀wà, kí o wo odò, kí o gbọ́ bí Fernand ṣe ń bú mi, kí o fọwọ́ kan ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ fúnra rẹ. Lẹ́yìn náà, tí o bá ní kí n wọkọ̀, n ó wọkọ̀. Mo ti sọ ọ́, mo sì ti kọ ọ́ sílẹ̀, o lè fi hàn mí tí mo bá ṣẹ́.

Ó wá ku owó. Páìpù fẹ́ owó, irúgbìn pòtétò fẹ́ owó, mo sì ti fi ìgò ìyá rẹ ṣòfò, ìyẹn kò sówó tó lè rà á. Ohun tí ọwọ́ rẹ bá ká ni kí o mú wá, ṣùgbọ́n mú un wá lọ́wọ́, má fi gba inú fóònù. Ṣẹ́ẹ̀kì ti oṣù tó kọjá, o ní kí n ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí báńkì. Mo yà á. Mo wò ó pé báńkì ti rí i, mo bá fi ìwé rẹ̀ dáná kí ó má ṣòfò. Báńkì wá kọ̀wé sí mi pé àtàńpàkò mi ni àwọn rí. Mú ìbọ̀sẹ̀ méjì náà wá, tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju ẹsẹ̀ lọ.

Kí Ọlọ́run tó dá yìnyín tó sì dá iná máa ṣọ́ ọ lójú ọ̀nà. Kí títì má yọ̀ mọ́ ọkọ̀ rẹ lẹ́sẹ̀. Ilé tí o bá wọ̀, kó gbóná fún ọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni parọ́ fún ọ níbẹ̀. Kí o dàgbà, kí o ní ọmọ tí yóò máa yọ ọ́ lẹ́nu báyìí, kí o lè mọ bó ṣe dùn tó. Ìyá rẹ ń kí ọ, mo mọ̀ ọ́n.

Èmi ni bàbá rẹ,
Rosaire.

Mo tún ṣí lẹ́tà yìí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wo ẹ̀rọ náà kí n tó lẹ àpòòwé pa ni. Mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Ó ku ọ̀kan péré. Fernand, tó ti kó dé, wo ẹ̀rọ, ó wo mí, ó wo ààrò, ó ní pòtétò kan wà níbẹ̀ o, kékeré ni, ìṣẹ́jú méjì péré, ta ló máa mọ̀. Mo yọ ọ́. Ó jinná dáadáa. Mo bù ú sí méjì, a fi bọ́tà àti iyọ̀ sí i, a jẹ ẹ́. Mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni, Claudette. Òótọ́ ni.